Ẹni Tó Ń Bínú Ṣì Wà Níbẹ̀: Ìtàn Pápá Odsal

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, ẹgbẹ́ rọ́gbì Bradford Northern gba Barrow lálejò ní pápá Odsal, nílùú Bradford, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn 324 ló wá wòran. Ọdún mẹ́sàn-án péré ṣáájú ọjọ́ náà, 102,569 ni iye èrò tí wọ́n kà ní pápá yìí kan náà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ìṣirò iṣẹ́ mi ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ bá: bọ́ọ̀sì alájà méjì márùn-ún ì bá kó gbogbo àwọn 324 yẹn délé, ẹnì kankan kì bá tí nàró.

Manchester Road, tó gòkè láti àárín ìlú lọ sí Odsal, wà lára ọ̀nà tí mo ń ná. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù nílé, n kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè èsì. Bí wọ́n bá ń kọrin bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀, a jẹ́ pé ó dáa. Bí olúkúlùkù bá gbé èpè wọlé, tí ọ̀kan ń bú kóòṣì, tí èkejì ń bú rẹfirí, tí ìyá àgbà kan tó fi ìborùn pupa, yẹ́lò àti dúdú wé ọrùn ń sọ pé àwọn tó jókòó ti owó gan-an ló yẹ kí wọ́n kó lọ sẹ́wọ̀n, mo mọ̀ pé wọ́n ti tún nà wọ́n. Kò pẹ́ tí èmi náà fi di ara wọn. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ẹni tó bá ti rí bí Zamalek ti Íjíbítì ṣe gba ife mọ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn lọ́wọ́ ní 1984, tí wọ́n tún padà wá gbà á ní 1996, kò nílò olùkọ́ kó tó mọ bí ẹgbẹ́ ṣe ń ba èèyàn lọ́kàn jẹ́.

Ìyàwó mi kò gbà pẹ̀lú mi. “Bàbá Ìbejì,” ló máa ń wí, “ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ ju kí wọ́n nà án lọ, òun lẹ tún ń tìtorí ẹ̀ jáde nínú òtútù yìí? Ẹ ó sì padà wálé, ẹ ó wá máa bínú sí wa.” Á wá fi òwe tì í lẹ́yìn: ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Òwe àwọn baba wa ni, n kò lè pè é nírọ́. Àmọ́ ìtàn Odsal ń bá a jiyàn, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Irun àgùntàn ló sọ Bradford di ìlú ńlá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ rẹ̀ kì í sinmi títí di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ yẹn náà sì ni ọjọ́ rọ́gbì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú mìíràn ní láti fi iṣẹ́ àárọ̀ sílẹ̀, owó rẹ̀ á sì dín. Ní 1893, àwọn ẹgbẹ́ àríwá bẹ àwọn aláṣẹ rọ́gbì pé kí wọ́n gbà kí ẹgbẹ́ san owó tí òṣìṣẹ́ pàdánù padà fún un. Àwọn aláṣẹ kọ̀ jálẹ̀. Lójú tiwọn, ẹni tí kò lówó tó lè fi ṣeré lásán kò yẹ lẹ́ni tó ń ṣeré. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 1895, àwọn ẹgbẹ́ àríwá péjọ sí Hòtẹ́ẹ̀lì George ní Huddersfield, wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀, wọ́n dá Northern Union sílẹ̀. Ṣílè mẹ́fà lóòjọ́ ni wọ́n fọwọ́ sí fún ẹni tó bá tìtorí eré pa iṣẹ́ tì. Nígbà tó di 1906, wọ́n dín agbábọ́ọ̀lù kù láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́tàlá. Eré yìí ni ayé ń pè ní rọ́gbì líìgì lónìí. Inú tó bí òṣìṣẹ́ lórí owó oòjọ́ rẹ̀ ló bí i.

Ẹgbẹ́ méjì láti Bradford ló wọ Northern Union. Manningham gba líìgì àkọ́kọ́ pátápátá, ní 1896. Ọdún méje lẹ́yìn náà, owó tán lápò wọn, wọ́n pa rọ́gbì tì, wọ́n di Bradford City, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ẹgbẹ́ kejì, tí ń jẹ́ orúkọ ìlú gan-an, gba líìgì ní 1904, ó sì gba ife Challenge Cup ní 1906. Ní 1907, nígbà tí ife náà ṣì ń dán lójú àwọn èèyàn, àwọn aṣíwájú rẹ̀ yí i padà sí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Harry Briggs, olówó ilé ìhunṣọ, ló síwájú wọn. Ìdalẹ̀ Ńlá ni wọ́n ń pe ìpinnu yẹn ní Bradford. Àwọn tó kọ̀ ọ́ kò jókòó sílé máa ṣọ̀fọ̀. Lọ́dún kan náà, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, Bradford Northern. Wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Greenfield, kí wọ́n tó kó lọ sí Birch Lane ní 1908. Tálákà ni wọ́n níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá méjì tó ti ara rọ́gbì jáde ló sì ń kó èrò ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ní òkè ìlú, kòtò ńlá kan wà tí wọ́n ti ń wa òkúta nígbà kan rí, tí ìjọba ìbílẹ̀ wá sọ di ààtàn. Ibẹ̀ ni wọ́n fún ẹgbẹ́. Wọ́n ń da ìdọ̀tí ìlú sí ẹ̀bá kòtò náà létòlétò, títí ó fi di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí èrò lè dúró lé, pápá sì wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1934 ni wọ́n ṣí Odsal, Huddersfield ni àlejò. Títí dòní, ẹni tó bá wọlé níbẹ̀ ní láti sọ̀ kalẹ̀ kó tó kan koríko, atẹ́gùn òkè náà a sì máa gbá òjò lu èèyàn lójú bó ṣe wù ú. Bàbá kan tí a jọ ń wa ọkọ̀, ọmọ Bradford láti ìran baba ńlá rẹ̀, sọ fún mi pé ìyá òun àgbà kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bú pápá náà lójú òun. Ó ní eérú ìdí ààrò òun wà nínú rẹ̀.

Lórí eérú yẹn ni ògo ti bá wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Bradford Northern ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó lọ sí àṣekágbá Challenge Cup ní Wembley lọ́dún mẹ́ta léraléra. Wọ́n na Leeds ní 1947, Wigan nà wọ́n ní 1948, wọ́n na Halifax 12 sí òdo ní 1949. Ernest Ward ni balógun wọn. Trevor Foster, tó wá láti Wales, wà níwájú, òun àti Frank Whitcombe, òmìrán ará Wales kan náà, tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ ní 1948 bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pàdánù. Ní oṣù Kẹta 1953, èrò 69,429 wá wo wọn pẹ̀lú Huddersfield ní Odsal. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni 102,569 náà dé. Warrington àti Halifax ló ta ọ̀mì nínú àṣekágbá ife kan náà ní Wembley, tí wọ́n wá tún eré náà gbá ní Odsal ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1954. Ó di 1999, ní Sydney, kí ibì kan láyé tó gba èrò tó ju ìyẹn lọ fún rọ́gbì líìgì.

Báwo ni pápá bẹ́ẹ̀ ṣe wá ṣófo? Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Àwọn akọni dàgbà, wọ́n fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ kò sì rí irú wọn rà. Tẹlifíṣọ̀n wọ ilé òṣìṣẹ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tẹ̀ lé e, ọ̀sán Àbámẹ́ta sì wá ní ohun mìíràn tí bàbá lè fi ṣe. Ní 1962, líìgì pín ara rẹ̀ sí ìpele méjì, Bradford sì bọ́ sí ìpele kejì. Òtútù 1962 sí 1963 tún dé, ọ̀kan nínú èyí tó burú jù lọ ní ọ̀rúndún náà. Ilẹ̀ dì bí òkúta, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni wọn kò lè gbá bọ́ọ̀lù, owó kò wọlé, gbèsè kò sì dúró. Títóbi Odsal náà di ìyà. Ní pápá kékeré, ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn lè mú ariwo jáde. Ní Odsal, ẹgbẹ̀rún méjì kò ju àwọn tó ṣáko lọ.

Ọmọdé ni bàbá tí mo wí yẹn nígbà náà, bàbá rẹ̀ ló máa ń mú un lọ. Ó ní ní àwọn ọdún tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàjẹ́, ariwo èébú tó ń ti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá pọ̀ débi pé bàbá òun a máa fọwọ́ di òun létí. Lẹ́yìn náà, èpè ń dín kù bí alépè ṣe ń dín kù. Nígbà tó di 1963, kò sí ohun tí bàbá òun ń dí mọ́. Wọ́n ń gbọ́ bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń pe ara wọn lórúkọ nísàlẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ bàtà wọn nínú ẹrẹ̀. Àwọn tó ti ń pariwo pé àwọn kò ní wá mọ́ ti mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1963, ẹgbẹ́ náà kógbá sílé ní àárín sáà. Ìgbà mẹ́tàlá ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n borí. Líìgì pa gbogbo èsì wọn rẹ́, bí ẹni pé wọn kò wá rárá. Ẹgbẹ́ tó ti lọ sí Wembley lẹ́ẹ̀mẹta léraléra kò sí mọ́ kí Kérésìmesì tó dé.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló mú mi máa ka ìtàn yìí láìsinmi. Trevor Foster kò gbà. Joe Phillips, ọmọ New Zealand tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Northern rí, náà kò gbà. Àwọn méjèèjì àtàwọn tó dúró tì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn àwọn oníṣòwò, ilé iṣẹ́ ìròyìn àti àwọn alátìlẹ́yìn àtijọ́. Ní oṣù Kẹrin 1964, wọ́n pe ìpàdé gbogbogbòò, bí 1,500 èèyàn ló wá. Ẹ fi iye yẹn wé 324: àwọn tó wá síbi ìpàdé, níbi tí kò sí bọ́ọ̀lù kankan láti wò, lé ní ìlọ́po mẹ́rin àwọn tó wá wo Barrow. Wọ́n dáwó, wọ́n ra agbábọ́ọ̀lù, líìgì gbà wọ́n padà, Phillips di alága. Nígbà tí wọ́n gba Hull Kingston Rovers lálejò ní oṣù Kẹjọ 1964, èrò tó lé ní 14,000 ló sọ̀ kalẹ̀ wọ Odsal. Wọ́n pàdánù lọ́jọ́ náà. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n na Hunslet, wọ́n sì gba ife Yorkshire.

Mo bi bàbá yẹn léèrè ibi tí àwọn 14,000 náà wà ní oṣù Kọkànlá 1963. Ó ní ilé ni wọ́n wà, wọ́n rò pé ẹlòmíràn yóò lọ. Olúkúlùkù ló gbà pé ẹgbẹ́ yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí inú òun bá rọ̀. Níbí ni mo ti yà kúrò lára ìyàwó mi àti òwe rẹ̀, síbẹ̀ n kò ya jìnnà. Ìbínú tó jókòó sílé kò ṣe nǹkan fún Bradford Northern lóòótọ́, pípa ló pa á. Ṣùgbọ́n ìbínú tó dìde wá sípàdé, tó ti ọwọ́ bọ àpò, òun ló jí i. Sùúrù nìkan kò lè ṣe é. Ẹni tó ní sùúrù ní 1964 ì bá wulẹ̀ lọ máa wo Bradford City.

N kò ní pẹ́ lórí ìgbà ọ̀pọ̀, nítorí ìgbà ọ̀pọ̀ kì í ní ìtàn púpọ̀. Peter Fox, kóòṣì wọn, mú wọn gba líìgì ní 1980 àti 1981. Ní 1996, rọ́gbì líìgì kúrò nígbà òtútù bọ́ sígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sọ ọ́ di Super League, Northern sì di Bulls. Wọ́n gba Super League lẹ́ẹ̀mẹrin, ní 1997, 2001, 2003 àti 2005. Robbie Paul àti Lesley Vainikolo di orúkọ tí ọmọdé ń kọ sí ẹ̀yìn aṣọ. Bọ́ọ̀sì mi kún fún orin nígbà náà, àwọn tó ń bú alága sì wá ń sọ pé àwọn ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni owó tún ṣọnù. Ní oṣù Kẹta 2012, àwọn alákòóso kéde pé ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú: mílíọ̀nù kan pọ́n-ún ni wọ́n nílò, ìdajì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé kíákíá. Owó dé. Ọmọ iléèwé mú owó kóló wá, àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ mìíràn pàápàá dá sí i. Ìdajì mílíọ̀nù náà pé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, gbèsè ti gbé ẹgbẹ́ lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ tó wó. Wọ́n yọ máàkì mẹ́fà kúrò nínú ohun tí wọ́n ti jẹ. Ní 2014 irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, máàkì mẹ́fà mìíràn lọ, wọ́n sì jábọ́ kúrò ní Super League. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 2017, wọ́n tú ilé iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ká pátápátá. Ẹgbẹ́ tuntun dìde lórúkọ kan náà. Wọ́n fi máàkì méjìlá sí gbèsè kí wọ́n tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, wọ́n sì parí ọdún náà ní ìjábọ́ sí ìpele kẹta.

Ẹni tí kò bá lọ sí pápá lọ́dún bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ bó ṣe ń dunni. Nínú rọ́gbì líìgì, ẹgbẹ́ tó gbé bọ́ọ̀lù ní ìgbà mẹ́fà tí ọ̀tá lè gbé e ṣánlẹ̀ kó tó fi bọ́ọ̀lù lé wọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n gbá a máa lo márùn-ún láti sún síwájú, á sì ta bọ́ọ̀lù nípàá kó tó kan ẹ̀ẹ̀kẹfà. Ẹgbẹ́ tó ń ṣàìsàn a máa jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ nílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kíní. Èèyàn á ti rí i láti òkè kí ó tó ṣẹlẹ̀: ojú agbábọ́ọ̀lù ti kúrò lára bọ́ọ̀lù, ó ti ń wo òmìrán tó ń bọ̀. Gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á mí kanlẹ̀ pọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi á wá sọ fún kóòṣì ohun tí n kò lè kọ síhìn-ín. Ní 2020, ẹgbẹ́ tilẹ̀ kó lọ sí Dewsbury nítorí owó tí Odsal ń jẹ, àwọn èèyàn sì ń bínú pé wọ́n lé àwọn kúrò nílé ara wọn. Wọ́n padà ní 2021. Ní 2026, lẹ́yìn ọdún méjìlá, Bulls tún wọ Super League.

Mo ti gbọ́ tí àwọn tó ń darí ẹgbẹ́, kì í ṣe ní Bradford nìkan, ń sọ pé àwọn alátìlẹ́yìn tó ń pariwo ni ìṣòro, pé èébú wọn ń kó ìpayà bá àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Ó lè jẹ́ òótọ́ níwọ̀n ìba. Èébú tó kan àwọ̀ ara tàbí ilé ẹni kò ní àwáwí, awakọ̀ dúdú bíi tèmi kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn ẹgbẹ́ yìí dáadáa. Ọwọ́ alákòóso ni 1907 ti wá. Ìdí tábìlì àwọn tó mọ̀wé owó ni 2012, 2014 àti 2017 ti wá. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ọdún kan tí ariwo èrò wó ẹgbẹ́ náà. Ọdún tó wó lójijì láàárín sáà ni ọdún tí ariwo tán. Ẹni tó ń bú yín láti òkè Odsal ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti san owó ọkọ̀, ó ti ra páì àti ẹ̀wà, òjò sì ti pa á fún wákàtí méjì. Ẹni tó fẹ́ni ló ń báni wí.

Nítorí náà, bí ẹ bá bá ara yín ní Bradford ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n nà wọ́n, tí ẹ sì gbọ́ tí ẹnì kan nínú bọ́ọ̀sì ń búra pé òun kò ní tẹ Odsal mọ́ láyé, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn. Ẹ sáà bi í léèrè ìgbà tí wọn yóò tún gbá bọ́ọ̀lù nílé. Yóò sọ ọjọ́ rẹ̀ fún yín, yóò sọ aago rẹ̀, yóò sì sọ irú bọ́ọ̀sì tó yẹ kí ẹ wọ̀ kí ẹ má baà pẹ́.